Iwájú Kan, Ẹ̀yìn Kan

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn wa ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ọgbà, tàbí àròkọ lórí bí àṣà wa ṣe ń di ohun ìgbàgbé. Èyí tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ gíráàfù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá! Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣírò owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tí kò fi ní tán ní Ọjọ́rú, onítọ̀hún á bá mi dé ìparí ọ̀rọ̀ yìí láìsí wàhálà.

Físíìsì ni mò ń kọ́. Ní ọdún kẹta wa, a ṣe iṣẹ́ kan tó jẹ mọ́ lílo físíìsì fún ìṣègùn. Olùkọ́ wa pín pépà gíráàfù fún wa, ó kọ àwọn nọ́ńbà kan sójú pátákó, ó sì ní kí a ya ìlà tó ń fi hàn bí ìtànṣán ṣe ń dín kù bí ó bá ṣe ń wọnú ara lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a ya ìlà ìtànṣán kejì tó ń bọ̀ láti òdì kejì, kí a wá ro méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Máàkì 10 péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe é bí ẹni ń san gbèsè: a ṣe é tán, a fi sílẹ̀, a lọ jẹun. Ta ló mọ̀ pé kí ọdún yẹn tó parí, ìlà yẹn ni yóò bá mi bẹ ìyá kan tí mo mọ̀ láti kékeré, kí ó lè padà sórí tábìlì ìtọ́jú tó ti kúrò lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìlà yìí jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ̀rọ kan máa ń rán ìtànṣán tí ojú kò lè rí wọnú ara aláìsàn láti pa àrùn náà. Oríṣi ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé cobalt-60 ló wà nínú rẹ̀. Cobalt yìí kò dúró de iná mànàmáná kí ó tó tú ìtànṣán jáde. Tọ̀sán-tòru ni ó ń tú u, bí nǹkan bí ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta bá sì ti kọjá, agbára rẹ̀ á ti dín kù sí ìdajì. Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní linac, tí iná mànàmáná ń mú ṣiṣẹ́. Oríṣi àkọ́kọ́ ni a lò nínú iṣẹ́ wa.

Ìtànṣán kì í wọnú ara kí ó máa lọ ní ọgbọọgba. Bí ó bá ṣe ń jìn sí i ni ó ń rẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ ṣá o. Kì í ṣe orí awọ gan-an ni ó ti pọ̀ jù. Ìtànṣán cobalt á kọ́kọ́ wọlé ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà kí ó tó dé ṣóńṣó rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìtànṣán ń lé kúrò nínú ẹran ara ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, iwájú ni wọ́n sì ń sá lọ kí wọ́n tó dúró. Ibi ṣóńṣó yẹn ni a ń pè ní 100.

Láti ibẹ̀ lọ, sísọ̀kalẹ̀ ló kù. Bí ojú ìtànṣán bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn àti ní ìbú, tí orísun rẹ̀ sì jìnnà sí awọ ní sẹ̀ǹtímítà 80, ohun tó kù nígbà tó bá wọlé dé sẹ̀ǹtímítà 5 jẹ́ nǹkan bí 78. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó di 56. Ní 15, ó di 39. Bí ara ẹni náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, nǹkan bí 27 ló kù tí ó fi ń jáde ní òdì kejì.

Ẹ wá wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ká ní àárín gbùngbùn ni àrùn wà, ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí dókítà sì fẹ́ kí ibẹ̀ gba Gray 2 lójúmọ́. (Gray ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà, bí kílò ti jẹ́ fún ìrẹsì.) Bí ìtọ́jú náà bá jẹ́ ìgbà 25, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iwájú nìkan ni ìtànṣán ti ń wọlé, 56 nínú 100 péré ló ń dé àárín. Kí àárín tó lè rí 2 gbà, ibi ṣóńṣó tó wà nísàlẹ̀ awọ gbọ́dọ̀ gba 3.57. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di 89. Àrùn gba 50, ibi tí kò ṣàìsàn gba 89! Irú ìtọ́jú wo nìyẹn? Ẹni tó ń lé eku tó wá fi iná sun ilé ni.

Ibí yìí ni ìtànṣán kejì ti wúlò. Ojú kan náà nínú ara ní ìwọ̀n méjì: ibi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí iwájú, 15 ló jẹ́ sí ẹ̀yìn. Nítorí náà, a ó ka ohun tí ìtànṣán iwájú mú dé ibẹ̀, a ó ka ohun tí ti ẹ̀yìn mú dé ibẹ̀, a ó sì rò wọ́n pọ̀. Ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí iwájú, ti iwájú jẹ́ 100, ti ẹ̀yìn jẹ́ 28, àpapọ̀ 128. Ní sẹ̀ǹtímítà 5, 78 àti 39, àpapọ̀ 117. Ní àárín, 56 àti 56, àpapọ̀ 112. Láti ibẹ̀, ohun tí a ti rí ni a tún ń rí, ṣùgbọ́n ipò ti yí padà: 117 ní sẹ̀ǹtímítà 15, 128 ní ẹ̀bá ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ya ìlà méjì àkọ́kọ́ sórí pépà, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti òsì, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀tún, wọ́n sì pàdé ní àárín bí ẹsẹ̀ méjì lẹ́tà X. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta, èyí tó jẹ́ àpapọ̀ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ó dà bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, tí kò le dáadáa, tó wá rọ̀ díẹ̀ ní àárín. Mo rántí pé nígbà tí mo fi rúlà wò ó, ẹnu yà mí. Ohun méjì tí kò tẹ́jú ló bí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú.

Bí a bá wá fi 112 ti àárín ṣe 100, ibi tó ga jù lọ, nítòsí awọ, jẹ́ 114. Ìyẹn ni pé bí àárín bá gba 50, ibẹ̀ á gba 57. Ẹ rántí 89 àná. Ọgbọ́n tó mú 89 di 57 kì í ṣe oògùn tuntun, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi. Yíyí aláìsàn padà ni. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí òwe yẹn ń wí náà ni ìlà yìí ń wí.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọgbọ́n yìí kò ní ààlà. Bí ara bá ṣe nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni okùn aṣọ náà ń rọ̀ sí i ní àárín. Fún ẹni tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìyàtọ̀ ẹ̀bá àti àárín kò ju 1 nínú 100 lọ. Fún ẹni tó nípọn tó 30, ẹ̀bá á fi nǹkan bí 46 nínú 100 ju àárín lọ, 50 ti àárín á sì di 73 nítòsí awọ. Nítorí èyí ni a fi ń rí i tí wọ́n ń fi ìtànṣán kún un láti ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, tó fi di mẹ́rin, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tí ìtànṣán rẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú linac tí agbára rẹ̀ jẹ́ 6 MV, ẹni tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn á ní 106 níbi tí ti cobalt ti jẹ́ 114.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ti pépà. Ẹ jẹ́ kí á lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Aláṣọ ni Màmá ní Sábọ́n Gàrì ní Kánò, níbi tí wọ́n bí mi sí tí mo sì dàgbà sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti àwọn òbí mi ni wọ́n. Ìsọ̀ wọn kọjú sí ti ìyá mi, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì ti ra aṣọ tí wọ́n fi rán yunifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń bá wọn jà, àwọn ọmọ wọn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tó ní ẹ̀rọ cobalt, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa. Ilé ẹbí kan ni wọ́n dé sí. Ìyá mi pè mí lórí fóònù pé kí n máa yà wò wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ní Sátidé kejì tí mo lọ, mo bá Màmá pẹ̀lú ẹrù wọn ní dídì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ti yá. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Ìgbà 6 ni wọ́n ti gbà nínú 25.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ibi tí àrùn wà, dókítà mọ̀ ọ́n, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. Ojú kan ni. Wọ́n á fi iná sí i láti iwájú, ó dáa. Wọ́n á tún ní kí n yí padà, kí n dojú bolẹ̀, wọ́n á tún fi sí mi lẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni. Ṣé ẹ̀yìn mi náà ń ṣàìsàn ni? Àbí èyí àkọ́kọ́ ló ṣì, tí wọ́n ń wá a kiri?" Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ẹ̀rọ náà, onítọ̀hún sì ní kí Màmá jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́ àwọn. Èrò pọ̀ ní ìta, n kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú ti fi èsì tirẹ̀ dí àlàfo náà: ó ní wọ́n ń fi àwọn kọ́ṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá dá irú ìtọ́jú yìí dúró ní agbede méjì, àyè ló ń fún jẹjẹrẹ láti gbérí padà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń yí Màmá padà pẹ̀lú. Àní mo ti gba máàkì lórí rẹ̀! Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà ní orí mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Màmá kò sì gbọ́ ju "customer" àti "how much" lọ nínú èdè náà.

Mo kọ́kọ́ fi iṣu bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, bí a bá ń sun iṣu, ṣé ojú kan la máa ń fi sí iná?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé èmi wá ni iṣu?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá mi ní ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Mo ya ìlà gbọọrọ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní èyí ni ara yín láti ikùn dé ẹ̀yìn. Mo sàmì sí àárín, mo ní ibí ni àrùn wà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn nọ́ńbà náà, ti iwájú lókè ìlà, ti ẹ̀yìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nọ́ńbà iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ni, pé ojú ìtànṣán tiwọn fẹ̀ ju èyí lọ, pé iye tiwọn lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọ̀nà kan náà ni.

Obìnrin tó ti ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ìròpọ̀. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. "Níhìn-ín, ẹni iwájú dá 100, ẹni ẹ̀yìn dá 28. Níhìn-ín, 78, 39." Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. "Ẹni iwájú dá 56, ẹni ẹ̀yìn dá 56." Wọ́n gbójú sókè. "Adashe ni wọ́n ń dá!"

Ẹ̀yin tí kò gbé ilẹ̀ Hausa rí, adashe ni Hausa ń pe àjọ. Nínú ọjà Kánò, èyí ló wà lẹ́nu gbogbo wa, Yorùbá ni o, Ígbò ni o. Ẹ̀rí mi ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe ju gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Màmá ní, "Tí ẹni ẹ̀yìn kò bá wá dá tirẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Á jẹ́ pé ẹni iwájú ló máa san gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Màmá. Ikùn yín ló máa san án." Mo kọ 89 sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kọ 57 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo tún fi kún un pé àpò ìtọ̀ wà ní iwájú ibi tí àrùn wà, ìfun sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, pé kò sí èyí tó yẹ kí á dá ẹrù náà rù nínú méjèèjì.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wọn gan-an jáde. "Yíyí yẹn ló ń dùn mí, ọmọ mi. Egungun ìdí mi ni. Ṣé wọn ò lè ṣe iwájú lónìí, kí wọ́n ṣe ẹ̀yìn lọ́la? Ṣebí àpapọ̀ rẹ̀ kò yí padà?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan kò béèrè rẹ̀ nínú kíláàsì wa. Lórí pépà, òótọ́ ni Màmá sọ. Bí wọ́n bá ṣe iwájú lónìí, ẹ̀bá iwájú á gba 3.57, bí wọ́n bá ṣe ẹ̀yìn lọ́la, á gba 1. Àpapọ̀ jẹ́ 4.57. Bí wọ́n bá ṣe méjèèjì lójoojúmọ́, á gba 2.28 àti díẹ̀ lónìí, á gba iye kan náà lọ́la. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 4.57. Ṣùgbọ́n ara kì í ro ìṣírò bí pépà ṣe ń rò ó. Ìtànṣán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ba ẹran ara tó dá ṣáká jẹ́ ju iye kan náà tí a pín sí kéékèèké lọ. Mo ní, "Màmá, ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì kan lónìí, kan lọ́la, àti ẹni tó ru méjì pọ̀ lónìí tó sinmi lọ́la, ṣé ọrùn wọn á rí bákan náà?"

Wọ́n ní, "Ọrùn ẹnì kejì á kán."

Mo ní, "Ìdí tí wọ́n fi ń yí yín lójoojúmọ́ nìyẹn."

N kò ṣèlérí fún wọn pé àrùn á lọ. Gíráàfù kò mọ ìyẹn. N kò sì sọ pé n kò rí bí ara wọn ṣe dúdú níbi tí ìtànṣán ń gbà wọlé, tàbí bí ó ṣe ń rẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo sọ ni pé kí a jọ lọ bá dókítà ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè méjèèjì fúnra wọn. A lọ. Màmá mú ìwé gbèsè wọn dání. Dókítà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ìdí Màmá nígbà tí wọ́n bá dojú bolẹ̀. Ìrọ̀rí kan péré! Ohun tó ń lé aláìsàn padà sílé, ìrọ̀rí àti àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló parí rẹ̀.

Màmá gba ìgbà 25 pé. Wọ́n tún gba ìtọ́jú ti inú tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, wọ́n ti padà sí ìsọ̀ wọn, wọ́n jókòó, ọmọ wọn ló ń na aṣọ sókè fún oníbàárà. Wọ́n ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Kí Ọlọ́run bá wa fi àṣẹ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá ni mo tó lọ wá ibi tí irú àwọn nọ́ńbà ojú pátákó yẹn ti wá. Ohun tí mo kà rèé. Ní ọdún 1951, ní ìlú Saskatoon ní orílẹ̀-èdè Kánádà, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Harold Johns gba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ cobalt àkọ́kọ́ láyé. Ọmọ míṣọ́nnárì ni Johns. Ìlú Chengdu ní Ṣáínà ni wọ́n bí i sí ní 1915, nítorí náà òun náà mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀yìn odi. Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Sylvia Fedoruk, ẹni ọdún 24 nígbà náà. Oṣù kẹjọ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sáré fi tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó lé ní oṣù méjì tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán náà, tí wọ́n ń wá iye tó ń dé ìjìnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú London ní Ontario, ní Kánádà kan náà, ti ṣíwájú wọn tọ́jú aláìsàn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá. Àwọn ti Saskatoon kò torí ìyẹn yára. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ni wọ́n tó gba aláìsàn àkọ́kọ́ tiwọn. Ní 1952, ìwé lórí ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n náà jáde, orúkọ Fedoruk sì wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ta ni aláìsàn àkọ́kọ́ náà? Abiyamọ kan ni, ẹni ọdún 43, ìyá ọmọ mẹ́rin. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń ṣe é, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Obìnrin yẹn pé ẹni 90 ọdún láyé.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo pa ìwé dé, mo jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó ń fi oṣù méjì wọn ìtànṣán kò mọ̀ ọ́n. Òun náà kò mọ gíráàfù. Ṣùgbọ́n àmì kọ̀ọ̀kan tí ọmọbìnrin yẹn fi sórí pépà, ara ẹnì kan ni ó ń fi í sí. Láti ìgbà náà, n kò tún ṣe iṣẹ́ gíráàfù bí ẹni ń san gbèsè mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa sọ. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo a máa fi àwa ọmọ Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ pé Hausa pọ̀ nínú Yorùbá wa bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹ má bínú, adashe ló mú Màmá padà sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ká mi lára jù. Ohun tó ká mi lára ni pé mélòó nínú wa, onílé àti ará ẹ̀yìn odi, ló lè jókòó ti ìyá rẹ̀ kí ó sì ṣàlàyé ohun tó ń kọ́ fún un? Owó aṣọ, owó ata, owó gààrí ló rán wa wá síbí. Bí ìmọ̀ náà kò bá lè padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sanwó rẹ̀, ìtànṣán ojú kan ni: ó jó awọ, kò dé ibi tí àrùn wà.

Nítorí náà mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Kí ẹnì kan máa dìde, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo tó kọ́ ní kíláàsì rẹ̀ lóṣù náà, bí ìyá òun ló jókòó níwájú. Kí onímọ̀ òfin sọ ohun tí béèlì jẹ́. Kí onímọ̀ ọ̀gbìn sọ ìdí tí ajílẹ̀ fi ń pa ẹ̀gẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ lẹ́nu, kí àwọn yòókù bá a wá a, ì báà jẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ láti ọjà Kánò.

Bí alága bá gbà, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹ mú pẹ́ńsù wá. Pépà gíráàfù wà lọ́wọ́ mi.